Sípórà Tó Dá Iná Lóhùn

Bí ẹ bá wọ búkà Màmá Sípórà lónìí, tí ẹ sì kí ọmọbìnrin tó ń ṣa ẹ̀wà nídìí tábìlì pé, "Ṣé àlàáfíà ni?", kò ní dá yín lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yóò kọ́kọ́ gbé ojú sókè. Yóò wò yín lójú, yóò wo ọwọ́ yín, yóò wo ẹ̀yìn yín títí dé ẹnu ọ̀nà, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan kan ń lé yín bọ̀. Ìgbà tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn ni yóò tó wí pé, "Àlàáfíà ni. Ẹ ṣé o." Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n máa ń pè é ní ìgbéraga. Wọ́n á ní ó lọ sókè òkun, ó dé, kíkí wá di iṣẹ́ fún un. Àwa tí a mọ ìdí rẹ̀ kì í kánjú. A máa ń dúró dè é.

Ìdí náà ni mo fẹ́ sọ. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ibi tí kò bá ti yé mi, mo máa ń dá a padà síbẹ̀, títí tó fi sọ fún mi pé, "Màmá Tọ́pẹ́, ẹ̀yin le ju àwọn olùkọ́ mi lọ." Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tí kò bá tíì yé mi, n kì í kọ ọ́ sílẹ̀.

Zipporah ni wọ́n kọ sínú ìwé ìbí rẹ̀, Sípórà ni a ń pè é. Ọmọ Adéríbigbé ni. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ bá ọkọ̀ ojú irin wá sí Kánò láti apá Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì padà. Caleb, bàbá rẹ̀, ń ta aṣọ ní ọjà Kantin Kwari. Matilda, ìyá rẹ̀, ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti túwó ní òpópónà wa ní Sabon Gari. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí síhìn-ín, Yorùbá ni wọ́n ń bá a sọ, Hausa ló fi ń dáhùn.

"Sípórà, ṣé o ti jẹun?"

"Na ci, Mama."

"Yorùbá ni mo fi bi ọ́ o."

"Mo gbọ́, Mama. Na ci."

Bí Lárúbáwá ṣe wọ ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi, oòrùn ló fà á. Ní ilé ẹ̀kọ́ gíráma tó lọ ní àdúgbò Brigade, bí àsìkò ẹ̀kọ́ ìsìn bá tó, àwọn ọmọ Mùsùlùmí á wọ kíláàsì Lárúbáwá, àwọn ọmọ Kìrìsìtẹ́nì á lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ Bíbélì. Olùkọ́ Bíbélì ṣí lọ síbòmíràn, wọn kò sì rí ẹni fi dípò rẹ̀. Ni àwọn ọmọ Kìrìsìtẹ́nì bá ń jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò títí àsìkò náà á fi kọjá. Nígbà tó yá, wọ́n gé igi náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ oòrùn Kánò lóṣù kẹrin, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn yòókù sá lọ sí òjìji ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n ń ti ara wọn. Sípórà ní tirẹ̀ kàn wọ kíláàsì Lárúbáwá lọ ni, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Málàmù tó ń kọ́ wọn wò ó, kò lé e.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà, bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Kantin Kwari. Alhájì kan láti Fagge ń tú ìdì aṣọ. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ìdì náà jáde ketekete, láti ọ̀tún lọ sí òsì. Alhájì dáwọ́ dúró.

"Caleb, ọmọ ta nìyí?"

"Ọmọ mi ni." Bàbá rẹ̀ yíjú sí i. "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Oòrùn ni, Daddy."

Wọ́n ṣì ń fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín nílé wọn dòní. Ṣùgbọ́n Málàmù kò rẹ́rìn-ín. Ó fi sùúrù kọ́ ọ. Nígbà tí Sípórà parí yunifásítì, tí Málàmù sì fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó pè é. Ó ní, "Sípórà, mo ti darúgbó. Ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ yìí kò ní béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tí o ń lọ. Ìwé-ẹ̀rí Lárúbáwá ni wọ́n máa béèrè, ojúlówó, láti ilẹ̀ àwọn tó ni ín. Lọ gbà á wá, kí o wá jókòó sórí àga mi."

Ẹ gbà mí láyè kí n dúró níbí díẹ̀. Ní Kánò yìí, pé kí ọmọ Onítẹ̀bọmi láti Sabon Gari máa kọ́ ọmọ Mùsùlùmí ní Lárúbáwá! Ojú wa kò rí irú rẹ̀ rí. Láti ọjọ́ náà, àga yẹn ni Sípórà ń rí lójú oorun. Kò fẹ́ ọkọ, kò fẹ́ ọkọ̀. Àga onígi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ló fẹ́.

Ọlọ́run ṣe é, ó rí ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ gbà, ọdún kan ní ìlú Fẹ́ẹ̀sì, ní Mòrókò. Ìyá rẹ̀ di gàrí, kúlíkúlí àti ata gígún fún un. "Má jẹ́ kí wọ́n fi oúnjẹ tí kò lata pa ọ́," ni ọ̀rọ̀ ìdágbére rẹ̀.

Ohun kan wà tí kò yé mi tẹ́lẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ yé ẹni tó ń ka èyí. Lárúbáwá kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó wà nínú ìwé, tí wọ́n fi ń ka ìròyìn, tí wọ́n fi ń wàásù, kan náà ni níbi gbogbo, ṣùgbọ́n kò sí ìyá kan lórí ilẹ̀ ayé tó fi ń pe ọmọ rẹ̀ wá jẹun. Èyí tí wọ́n ń sọ nínú ilé yàtọ̀ pátá, ti ìlú kan kì í sì í ṣe ti ìkejì. Mo ní kí Sípórà fi nǹkan kan ṣe àpèjúwe. Ó rò ó, ó ní, "Màmá, ó dà bí kí ẹ máa fi Yorùbá inú Bíbélì ná ata ní ọjà Sabon Gari. Wọ́n á tà á fún yín. Ṣùgbọ́n wọn ò ní bá yín ṣàwàdà."

Nílé ẹ̀kọ́ tó lọ ní Fẹ́ẹ̀sì, ẹyọ kan ṣoṣo ni akẹ́kọ̀ọ́ lè mú. Kíláàsì Lárúbáwá ìwé àti kíláàsì Lárúbáwá ilé, àárọ̀ kan náà ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n fún wọn ní oṣù àkọ́kọ́ láti pààrọ̀ bí ọkàn wọn bá yí. Bí oṣù yẹn bá ti parí, ilẹ̀kùn tì. Ìwé-ẹ̀rí tí Málàmù ń wí, kíláàsì Lárúbáwá ìwé nìkan ló ní in.

Sípórà kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lárúbáwá ìwé ló mú. Lójú rẹ̀, Lárúbáwá ilé ni Píjìnì àwọn ará Fẹ́ẹ̀sì, ohun tí ènìyàn ń sọ nígbà tí kò bá rí òmíràn sọ. Ẹ sì rántí pé ní ilé Matilda, ọmọ tó bá sọ Píjìnì lójú àlejò, ojú tí ìyá rẹ̀ á fi wò ó tó ìyà.

Bushrat, ọmọ ààfáà kan láti Ìlọrin, ló jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Òun náà mú Lárúbáwá ìwé. Ó máa ń fi Sípórà ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ọmọ Onítẹ̀bọmi, o wá gba ogún bàbá mi mọ́ mi lọ́wọ́."

"Bàbá ẹ ló fi sílẹ̀ sínú oòrùn. Èmi kàn bá a gbé e wọlé ni."

"Wallahi, ẹnu ẹ á pa ẹ́."

Àwọn méjèèjì wọ̀ sílé opó kan tí ń jẹ́ Hanan. Ilé àtijọ́ ni, àgbàlá wà láàrin rẹ̀, omi ń ṣàn nínú agbada òkúta kan níbẹ̀, iyàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lókè, ilé ìdáná wà nísàlẹ̀. Hanan ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó mọ Lárúbáwá ìwé díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́. Èdè ilé ló ń sọ, ó ń yára, ó ń gé ọ̀rọ̀ jẹ bí ẹni ń gé ilá. Sípórà kì í gbọ́ ju ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lọ nínú mẹ́wàá. Ó máa ń rẹ́rìn-ín, á mi orí, á gòkè lọ bá ìwé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Sabon Gari ló ti wá. Kò lè kọjá lára àgbà láì kí i. Láràárọ̀, Hanan á ti gbé búrẹ́dì gbígbóná síwájú wọn, Sípórà á kúnlẹ̀, á fi Lárúbáwá ìwé dúpẹ́, á sì fi àdúrà tí Málàmù kọ́ ọ tì í lẹ́yìn: kí Ọlọ́run fún yín ní àlàáfíà. Al-áfíà ni ọ̀rọ̀ tí Lárúbáwá ìwé ń lò fún àlàáfíà nínú àdúrà náà. Málàmù ti sọ fún un pé láti ọ̀dọ̀ wọn ni "lafiya" ti àwọn Hausa ti wá, òun náà ló sì di àlàáfíà lẹ́nu wa. Inú Sípórà máa ń dùn sí i. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí òun kò kọ́ nìyẹn, òun bá a nílé ni.

Tó bá ti ṣe àdúrà yìí tán, Hanan á fi ọwọ́ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ á máa gbọ̀n. Bushrat ní, "Ohùn ẹ ló ń pa á lẹ́rìn-ín. O ń sọ̀rọ̀ bí Alhájì Kánò." Sípórà gbà bẹ́ẹ̀.

Oṣù àkọ́kọ́ ti ń parí lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bushrat lọ sọ́jà. Sípórà wà lókè, ó ń há ọ̀rọ̀-ìṣe sórí nítorí ìdánwò. Ó gbọ́ ohùn Hanan láti ìsàlẹ̀.

"Láfíà! Láfíà!"

Inú rẹ̀ dùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ìyá yìí sọ ohun tó yé e pátápátá. Kí ìwé tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti dáhùn bí wọ́n ti ń dáhùn láàárín Fagge àti Sabon Gari: "Lafiya lau!"

"Láfíà!"

Ẹ mọ bí kíkí Kánò ti rí. Ẹnì kan kì í kí ọ lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́. Á béèrè ilé, á béèrè iṣẹ́, á béèrè ara, lafiya ni ìdáhùn gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dákẹ́ ni kò ní ẹ̀kọ́. Sípórà kò fẹ́ kí wọ́n rí òun bí aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ó gbé ohùn sókè.

"Lafiya lau, Màmá! Àlàáfíà ni!"

"Láfíà! Láfíà!" Ohùn náà ti ń ya.

"Àlàáfíà ni o! Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Ìgbà náà ni òórùn rẹ̀ dé imú rẹ̀.

Ọmọ olóúnjẹ ni Sípórà. Òórùn aṣọ tó ń jó kì í ṣì í lójú. Ó sọ ìwé sílẹ̀, ó fò sórí àtẹ̀gùn. Rọ́bà gáàsì ló já nídìí sítóòfù. Iná ti gba ilé ìdáná, ó ti gun kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà, Hanan sì wà lẹ́yìn kọ́tìnì náà, kò lè jáde, ó ń fi ọwọ́ lásán fà á ya. Sípórà fa rọ́ọ̀gì ilẹ̀, ó rì í bọ inú agbada omi, ó fi bo kọ́tìnì, ó ti ara rẹ̀ wọlé, ó sì pa gáàsì náà lẹ́nu sìlíńdà bí ìyá rẹ̀ ti máa ń lọgun mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ búkà lójoojúmọ́: orí sìlíńdà ni kí ẹ kọ́kọ́ dì mú, ẹ fi ìkòkò sílẹ̀! Ìgbà tí àwọn aládùúgbò fi wọlé pẹ̀lú garawa, èéfín ló kù. Ìyá náà yè. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jóná láti ìka dé ọrùn ọwọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé láti ilé ìwòsàn, ọwọ́ rẹ̀ nínú báńdéèjì, ó ní kí Sípórà jókòó ti òun. Ó wá gbìyànjú, ó ń fi Lárúbáwá ìwé sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn.

"Ọmọ mi, mo pè ọ́."

"Mo gbọ́, Màmá. Mo sì dá yín lóhùn."

"Láfíà ni mo pè."

"Mo gbọ́. Mo ní àlàáfíà ni."

Hanan wò ó. Ó wá fi ọwọ́ rẹ̀ tó dáa nàka sí ògiri ilé ìdáná tó ti dúdú. "Láfíà," ó wí. "Láfíà nìyẹn."

Sípórà wo ògiri dúdú náà. Ó ní, "Ṣé iná?" Ọ̀rọ̀ tí ìwé ń lò fún iná ló pè.

"Ṣíọ̀!" Hanan fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. "A kì í pè é bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Bí o bá pe orúkọ rẹ̀, ó lè rò pé o ń pe òun ni. Àwọn ìyá wa fún un ní orúkọ rere, kó lè máa hùwà rere. Láfíà ni a ń pè é. A fi ń bẹ̀ ẹ́ ni."

Mo ní kí Sípórà tún ibí yìí sọ fún mi. Ó tún un sọ. Mo gbé ohun tí mò ń rán sílẹ̀, n kò lè gbé e mọ́ lọ́jọ́ náà. Nítorí tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Ìyá mi kò jẹ́ kí a pe ejò ní ejò bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Okùn ilẹ̀ ni a ń pè é. Ọba kì í kú lẹ́nu wa, ó máa ń wọ àjà ni. Ènìyàn kan tí n kò mọ̀, lẹ́yìn aṣálẹ̀, ní ìlú tí ẹsẹ̀ mi kò ní dé láéláé, bẹ̀rù ohun tí a bẹ̀rù, ó sì dá ọgbọ́n tí a dá. Ọ̀rọ̀ kan náà kúrò nílé, ó gba inú iyanrìn kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó di àlàáfíà. Ọmọ ìyá rẹ̀ dúró ní Fẹ́ẹ̀sì, wọ́n fi iná sí i lọ́wọ́. Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi máa kánjú sọ̀rọ̀ lẹ́yìn èyí?

Sípórà kò tíì ráyè ro gbogbo èyí lọ́jọ́ náà. Nǹkan mìíràn ló bà á lẹ́rù.

"Màmá, láràárọ̀ tí mo ń kúnlẹ̀. Kí ni mo ń sọ fún yín?"

Hanan bú sẹ́rìn-ín títí ọwọ́ fi ń dùn ún. "O ń bẹ Ọlọ́run pé kó fún mi ní iná! Tẹ̀rín-tẹ̀rín! Mo mọ̀ pé inú ìwé lo ti kó o wá. Mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé, Ọlọ́run gbọ́ Lárúbáwá ìwé, Ó mọ ohun tí ọmọ yìí ní lọ́kàn."

Bushrat náà rẹ́rìn-ín nígbà tó dé. Gbogbo àdúgbò gbọ́, wọ́n sì sọ Sípórà ní orúkọ. Bó bá ń kọjá, àwọn obìnrin á pè é láti ojú fèrèsé: "Lafiya-Lau! Lafiya-Lau!" Kò bínú. Ṣùgbọ́n oorun dá lójú rẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn náà tó ń ya, ó sì ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń kí i padà. Ó sọ fún Bushrat pé, "Mo lè ka ohun tí òkú kọ. Alààyè ń ké lẹ́sẹ̀ mi, mo ń kí i."

"O ti wá mọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún báyìí. Ẹyọ kan ṣá ni."

"Mélòó ló kù tí n kò mọ̀?"

Ó ní òun fẹ́ lọ sí kíláàsì Lárúbáwá ilé. Bushrat mú un lọ́wọ́, kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

"Sípórà, gbọ́ mi. Wàá kúrò níbí lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyá yìí ò ní bá ẹ lọ sí Kánò. Àga tí o ń sọ fún mi láràárọ̀ ńkọ́? Ṣé ìwé-ẹ̀rí ilé ìdáná lo fẹ́ gbé lọ bá wọn?"

Òótọ́ ni Bushrat sọ. Sípórà fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé kò sí èyí tí ó parọ́ níbẹ̀. Olùkọ́ wọn náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó lọ bá a ní ọjọ́ tó kẹ́yìn tí wọ́n lè pààrọ̀. Ó ní Sípórà ló ń lé iwájú kíláàsì, ó ní Lárúbáwá ilé kò ní gírámà, pé ohun tí àwọn obìnrin ń sọ nílé ìdáná ni.

Sípórà ní, "Ilé ìdáná náà ni iná ti jáde, sà."

Ó pààrọ̀. Ó ní nígbà tí òun jáde síta, òun ń wo ẹ̀yìn bí ẹni tó sọ ọmọ nù.

Èmi gan-an wà ní búkà lọ́sàn-án ọjọ́ náà tó pe ìyá rẹ̀. Matilda fi ẹ̀rọ há etí, ó ń bu ìrẹsì fún oníbàárà.

"Sípórà! Ṣé àlàáfíà ni?"

Matilda ti ẹ̀rọ náà mọ́ etí sí i.

"Sípórà, ṣé o ń gbọ́ mi? Àlàáfíà ni?"

"Mama." Ohùn náà kéré. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè nǹkan mìíràn."

Síbí bọ́ lọ́wọ́ Matilda. "Yéè! Ta ló kú?"

Kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó fi yé ìyá rẹ̀, nígbà tó sì yé e, Matilda jókòó sórí àpótí, àwọn oníbàárà ń pe "Madam, Madam." Ó wá béèrè, "Àga Málàmù ńkọ́?"

"Mo ti jẹ́ kó lọ, Mama."

Ó lo ọdún náà pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hanan. Láàárọ̀, kíláàsì. Lọ́sàn-án, òun ni ọwọ́ ọ̀tún ìyá náà, torí ti ìyá náà kò ṣiṣẹ́ mọ́ bó ti yẹ. Ibẹ̀ ló ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù, nídìí ìkòkò: bí wọ́n ṣe ń bú ènìyàn láì dárúkọ, bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀fọ̀, bí wọ́n ṣe ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Kó tó ṣáná sí sítóòfù, Hanan á ní, "Pè é dáadáa," Sípórà á pe orúkọ rere náà jẹ́jẹ́.

Ó dé Kánò, ó lọ kí Málàmù. Ó kúnlẹ̀, ó sọ fún un pé òun kò gba ìwé-ẹ̀rí yẹn wá. Málàmù kò bá a wí. Ó ní ìgbìmọ̀ kò ní gbà á báyìí, kò sì sí ohun tí òun lè ṣe. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tó rí níbẹ̀. Sípórà sọ fún un ohun tí wọ́n ń pe iná. Bàbá náà ti fi ọ̀rọ̀ yẹn súre fún àwọn ọmọ láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orókún.  "Subhanallahi," ó wí. 

Ẹlòmíràn ló wà lórí àga náà báyìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ìwé-ẹ̀rí tó péye, wọ́n ní ó mọṣẹ́. Sípórà máa ń pàdé rẹ̀ ní Brigade, wọ́n á kíra. Ó ń dùn ún, n kò ní purọ́. Mo bi í bóyá ó kábàámọ̀. Ó ní, "Màmá Tọ́pẹ́, mo fẹ́ àga yẹn. Mo ṣì fẹ́ ẹ." Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ. "Ṣùgbọ́n bí ìyá yẹn bá tún pè mí, mo fẹ́ gbọ́."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Hanan pè é lórí ẹ̀rọ, a rí ojú rẹ̀ níbẹ̀, a rí ọwọ́ tó ti san, tí ìka rẹ̀ ká díẹ̀. Wọ́n ń sọ èdè ilé wọn, àwọn méjèèjì ń gé ọ̀rọ̀ jẹ bí ẹni ń gé ilá. Matilda ti ẹ̀yìn ìkòkò yọjú. Ó fẹ́ràn ìyá yìí tí kò rí rí. Ó fi gbogbo ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ kí i.

"Ìyá Mòrókò! Àlàáfíà o! Àlàáfíà!"

Lọ́hùn-ún, Hanan fò dìde. A rí i tó ń wo ẹ̀yìn, tó ń wo ilé ìdáná, tó na ọwọ́ kíká náà síwájú. Sípórà sáré sọ nǹkan kan fún un ní èdè ilé. Ìyá náà dúró. Ó wo Matilda látòkè délẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Ó wá fi ọwọ́ tó jóná náà lé àyà, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Lafiya lau," ó wí.

Matilda yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní ẹ ń kí i ni."